Ọkọ ló dé ni, àbí ọkọ́?

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ẹ má bínú sí ooru yìí. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni Freedom Park tá a wà l'Ékòó yìí tẹ́lẹ̀, kò yẹ kó tura jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ mẹ́ta tí mo fi ń jẹun: títúmọ̀ eré, kíkọ eré, àti iṣẹ́ ẹni tó ń jókòó ti olùdarí, tó ń bi eré léèrè ọ̀rọ̀ kó tó dé iwájú èrò. Lójú tèmi, iṣẹ́ kan náà ni. Ẹnu òṣèré ló ń dá gbogbo wọn lẹ́jọ́.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́. Nínú eré tí mo kọ́kọ́ tú sí Yorùbá, obìnrin kan ń kọrin pàdé ọkọ rẹ̀ tó ti ojú ogun bọ̀. Ohùn orin òyìnbó ni mo to ọ̀rọ̀ wa lé: “Ọkọ mi dé.” Níbi tá a ti ń fi eré náà dánra wò ní Yábàá, orin ní kí òṣèré wa gbóhùn sókè, ó gbé e. Onígángan dáwọ́ ìlù dúró. Ó ní, “Bàbá, ọkọ́ ló dé yìí o. Ṣé oko ni wọ́n ń lọ?” Ẹ̀rín pa wá. Kò sì sí àṣìṣe kankan nínú ìwé o! Ìgbà tó gba ọ̀fun kọjá ni ọkọ di ọkọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin náà ti kọ irú ẹ̀ rí.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan tó ń fi ìwé atúmọ̀ èdè ṣe ìrọ̀rí ní mò ń yà kúrò lójú ìwé. Mo ń yà, mo gbà. Ẹ wo Akínwùmí Ìṣọ̀lá, òǹkọ̀wé Yorùbá. Nígbà tó tú eré Death and the King's Horseman ti Ṣóyínká ní 1994, kò fi “ọba” sínú àkọlé rárá: Ikú Olókùn-Ẹṣin. Oyè Ọ̀yọ́ ni. Ta ni ò mọ ẹni tó ni ẹṣin? Nígbà tí Bíyí Bándélé wá fi ṣe fíìmù ní 2022, Ẹlẹ́ṣin Ọba ló pè é. Ọba padà wálé. Mi ò bá a jà. Gbogbo ayé ló ń wo tiẹ̀.

Wọ́n ti ń nawọ́ aago sí mi. Eré kíkọ: ẹ kọ ọ́, kẹ́ ẹ pa ìdajì rẹ́. Iṣẹ́ kẹta: “Ta ló ń gbọ́?” Ó tán.

Ìgbà yẹn ni ìyá kan láti Ìsàlẹ̀ Èkó dìde. “Ọ̀jọ̀gbọ́n, Ọ̀yọ́ lẹ wà látàárọ̀. Ọmọ-ọmọ mi tó ń sọ pé ‘mo ti cancel ẹ̀’, Yorùbá wo lẹ máa fi sí i lẹ́nu?”

Mo fẹ́ fi ẹ̀rín bò ó, kò gbà. Mo bá ṣí eré tí mò ń kọ lọ́wọ́, mo ka ọ̀rọ̀ kọ́ńdọ́ inú ẹ̀: “Ẹ jọ̀wọ́, awakọ̀, ẹ dúró, èrò kan fẹ́ sọ̀kalẹ̀.”

“Kọ́ńdọ́ ibo nìyẹn?” Ó ní kí n pa á rẹ́, kí n kọ “Ó wà o!” Mo kọ ọ́. Ó ní kí n pè é sókè, mo pè é.

“Ẹ tún un pè,” ló wí. “Ìwé lẹ̀ ń kà.”