Bí a ṣe ń ṣírò igun láàárín pọ́ìntì méjì nínú kóòdù

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Igun láàárín pọ́ìntì méjì la fẹ́ ṣírò lónìí, kí ìbọn inú géèmù wa lè kọjú sí ọ̀tá gan-an. JavaScript ni mo ń lò, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń lo Python náà, ọ̀nà kan náà ni.

Ìbọn wà ní x 100, y 100. Ọ̀tá wà ní x 40, y 160. Ẹ rántí pé lójú kọ̀ǹpútà, ìsàlẹ̀ ni y ń pọ̀ sí. Ẹ yọ ti ìbọn kúrò nínú ti ọ̀tá, ẹ má gbé e sódì o: dx = 40 - 100, -60 nìyẹn, dy = 160 - 100, ìyẹn 60.

Ibí yìí gan-an ni wàhálà wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ Math.atan(dy / dx), ìyẹn àṣẹ tó ń ṣírò igun, èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, odidi ọjọ́ méjì ni mo fi ń wá ibi tí àṣìṣe wà. Ẹ wò ó, 60 / -60, -1 ni, atan á ní -45 dìgírì ni. Ọ̀tá wà nísàlẹ̀ lápá òsì, ìbọn lọ kọjú sókè lápá ọ̀tún, ó kẹ̀yìn sí i pátápátá! Torí tẹ́ ẹ bá ti pín in tán, atan ò lè mọ̀ mọ́ bóyá dx ló ní mínọ́ọ̀sì àbí dy. Tí dx bá wá lọ jẹ́ 0, Python á kàn dá kóòdù yín dúró síbẹ̀ ni.

Torí náà, ẹ kọ Math.atan2(dy, dx). y ló ń ṣíwájú o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú sí i dáadáa. Ó gbé 2.356 wá, radian nìyẹn, ọ̀nà míì tí wọ́n fi ń wọn igun yàtọ̀ sí dìgírì. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 180, kẹ́ ẹ fi Math.PI pín in, 135 dìgírì ló máa jẹ́. Bí mo ṣe sọ, ìsàlẹ̀ ni y ń pọ̀ sí, torí ẹ̀ ni igun yìí ṣe ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Tó bá gbé mínọ́ọ̀sì wá tẹ́ ò sì fẹ́ ẹ, ẹ fi 360 kún un.

Àmọ́ tó bá jẹ́ rotate, ìyẹn àṣẹ tó ń yí àwòrán nínú canvas (pátákó tí JavaScript ń ya àwòrán sí), lẹ fẹ́ fún, radian náà ni kẹ́ ẹ fún un, ẹ má yí i sí dìgírì rárá. Tí àwòrán ìbọn yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n yà kọjú sókè, ẹ fi Math.PI / 2 kún un. Ó yá, ẹ rọ́ọ̀nù ẹ̀, ẹ fi máòsì wọ́ ọ̀tá yẹn káàkiri. Ṣẹ́ ẹ rí ẹnu ìbọn yẹn bó ṣe ń tẹ̀ lé e?