Hánà Ò Lọ sí Ṣílò: Abiyamọ, Ààwẹ̀ àti Ìṣọ́ Òru

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí nọ́ọ̀sì kan ṣe nínú ìjọ fún ẹgbẹ́ ìyá àti àwọn abiyamọ, nínú Ọ̀sẹ̀ Ìfọ́mọlọ́mú Lágbàáyé. A fi ìbéèrè tó wáyé láàárín ìjókòó sílẹ̀ síbi tó ti wáyé.)

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin abiyamọ tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ má jáde bí ọmọ bá ké. Ẹ fún un lọ́mú níbi tẹ́ ẹ jókòó sí. Ẹni tó bá yíjú wò yín, èmi ni kó wá bá.

Gbogbo wa la mọ ìtàn Hánà, àmọ́ ẹkún àti ẹ̀jẹ́ rẹ̀ nìkan la máa ń wàásù lé lórí. Ẹ ka ìyókù. Nínú 1 Sámúẹ́lì orí 1, ẹsẹ 7, Hánà ò jẹun; ọmọ ló ń wá. Ní ẹsẹ 18 ó jẹun, kó tó lóyún rárá. Nígbà tó fi máa di ẹsẹ 22, ọmọ ti dé, àjọ ọdọọdún tún ti pé, gbogbo ilé ń gòkè lọ sí Ṣílò. Hánà ní òun ò lọ, ó di ìgbà tí òun bá já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ẹlikánà ọkọ rẹ̀ ò pè é ní aláìnígbàgbọ́. Ó ní kó ṣe bó bá ṣe tọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà tí Hánà ń wá ọmọ ni kò jẹun. Ìgbà tí ọmọ wà láyà rẹ̀, ilé ló jókòó sí.

Ẹnì kan á ní ọkùnrin nìkan ni òfin Mósè sọ pé kó máa gòkè lọ síbi àjọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ló wá ṣòfin ìṣọ́ òru ọjọ́ Ẹtì fún ìyá ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?

Ohun tí mo wá sọ kò ju èyí lọ: ètò ìjọ ló yẹ kó yẹ̀ fún abiyamọ, kì í ṣe ọmú ló yẹ kó yẹ̀ fún ètò ìjọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ọmọ tó ń mu ọmú nìkan ń gba nǹkan bí 750 mílílítà lára ìyá rẹ̀ lójúmọ́. Píọ́ wọ́tà kan jẹ́ 500. Píọ́ wọ́tà kan àbọ̀ ló ń ti ara ìyá jáde yẹn, láìka èyí tó bá òógùn àti ìtọ̀ lọ. Ó tún nílò nǹkan bí 500 kálórì lé ní ti tẹ́lẹ̀, ìyẹn tó abọ́ oúnjẹ kan. Ẹ wá ní kó gba ààwẹ̀ àìfẹnukomi láti mẹ́fà àárọ̀ di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ 21, nínú ọyẹ́ oṣù January. Mi ò ní parọ́ fún yín pé ọmú á gbẹ lọ́jọ́ kan. Kò ní gbẹ. Ara ìyá ló máa kọ́kọ́ san gbèsè rẹ̀: orí fífọ́, òòyì, ìtọ̀ tó pọ́n tó sì ń ta.

Ohun tó ń dín ọmú kù gan-an, ọ̀pọ̀ ò fura sí i. Bí ọmọ bá ṣe fà á tó ni ọmú ń ṣe wàrà tó. Wàrà tó bá pẹ́ nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà á ló ń sọ fún un pé kó dẹwọ́. Ìdí nìyí tí ìṣọ́ òru fi burú ju ààwẹ̀ lọ. Ìyá wà níwájú pẹ̀lú àwọn akọrin, ọmọ wà ní yàrá ọmọdé pẹ̀lú fídà àti omi glúkóòsì, láti mẹ́wàá alẹ́ di mẹ́rin ìdájí. Òru sì ni prolactin, èròjà ara tó ń mú kí wàrà wá, máa ń pọ̀ jù. Ìkókó yẹ kó mu ọmú ní ìgbà 8 sí 12 láàárín wákàtí 24. Méjì tàbí mẹ́ta ti sọnù lóru kan ṣoṣo. Tó bá ṣe díẹ̀, ìyá á ní wàrà òun ò tó mọ́, wọ́n á ní ọwọ́ ayé ló wà níbẹ̀. Ayé wo? Ẹ̀yin náà lẹ ṣètò ìṣọ́ òru.

Ibi tó kàn yìí máa dun àwọn kan. Omi àdúrà kò gbọdọ̀ wọ ẹnu ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Mi ò bá àdúrà jà o. Nínú ìdá 100 omi ọmú, nǹkan bí 87 ni omi, nítorí náà ọmọ tó ń mu ọmú dáadáa kò nílò omi mìíràn, bí ooru tilẹ̀ mú. Ikùn rẹ̀ kéré. Omi tó bá wọ ibẹ̀ ti gba àyè wàrà, kò sì ní oúnjẹ kankan nínú. Ẹ tún rò ó wò: kànga wo ni wọ́n ti pọn ọ́n, kẹ́ẹ̀gì wo ló sùn? Ibẹ̀ ni ìgbẹ́ gbuuru ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ se omi náà, kí ìyá mu ún. Bákan náà ni àgbo. Àwọn ìyá àgbà á ní, “Omi la fi tọ́ yín, ẹ ò kú.” Àwọn tó kú ò sí níbí láti dá wọn lóhùn. Ìwádìí ìlera ìdílé ti ọdún 2018 ní Nàìjíríà fi hàn pé nínú ọmọ 100 tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 29 péré ló ń mu ọmú nìkan. Ní 2013, 17 ni. A ti gbìyànjú, àmọ́ kò tíì tó nǹkan.

Mo ti fẹ́ bọ́ sórí gbígbé ọmọ sí ọmú nígbà tí màmá kan nawọ́: “Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun o. Jóẹ́lì 2, ẹsẹ 16 ńkọ́? Nígbà tí wọ́n kéde ààwẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n kó ọmọ ẹnu ọmú pàápàá wá.”

Ẹ ṣeun, Màmá. Wọ́n ní kí wọ́n kó wọn wá lóòótọ́. Ẹsẹ wo ló ní kí wọ́n gba ọmú lẹ́nu wọn? Bá a bá máa tẹ̀ lé Jóẹ́lì, àyà ìyá rẹ̀ ni kí ọmọ wà nínú ìjọ, kì í ṣe yàrá fídà. (Ẹlòmíì pariwo Nínéfè látẹ̀yìn, pé ẹran ọ̀sìn pàápàá gbààwẹ̀.) Ẹni tó bá ti mú ewúrẹ́ rẹ̀ gbààwẹ̀ ní January, kó wá bá mi sọ̀rọ̀ abiyamọ.

Ẹ jẹ́ ká kúkú fi ìyókù àkókò wa sọ ohun tí ìjọ máa ṣe. Bí ọmọ ò bá tíì pé oṣù mẹ́fà, tàbí ó kéré nígbà tí wọ́n bí i, tàbí ara rẹ̀ ò yá, ìyá rẹ̀ ò gbààwẹ̀ rárá. Kí pásítọ̀ kéde rẹ̀ látorí pẹpẹ, kí abiyamọ má máa tọrọ àyè ní kọ̀rọ̀ bí ẹni jalè. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tí ọmọ ti ń jẹ ògì àti mọ́ínmọ́ín mọ́ ọmú, ìyá lè yẹra fún ẹran tàbí ohun dídùn, àmọ́ kó máa mu omi, kó sì jẹun. Bí òòyì bá kọ́ ọ, tàbí ọmọ ò tọ̀ tó bó ṣe ń tọ̀ tẹ́lẹ̀, kó ṣínu lójú ẹsẹ̀. Ìkókó tó ti kọjá ọjọ́ márùn-ún yẹ kó tọ̀ sí ìlédìí ní ìgbà mẹ́fà ó kéré tán lójúmọ́. Ní ìṣọ́ òru, ẹ to àga sí tòsí ẹnu ọ̀nà fún abiyamọ, kó jìnnà sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kí omi mímu wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sùn, ẹ jẹ́ kó lọ.

Wọ́n ti ń na ìka márùn-ún sí mi, pé ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù. Ó dáa, kíákíá, bá a ṣe ń gbé ọmọ sí ọmú. Ikùn ọmọ kan ikùn ìyá. Etí, èjìká àti ìdí rẹ̀ wà ní ìlà kan. Fi imú rẹ̀ kọjú sí orí ọmú, dúró kó la ẹnu gbàgà, kó o wá fa ọmọ mọ́ra. Má tẹ̀ ba ọmọ. Àgbọ̀n rẹ̀ á kan ọmú, ètè ìsàlẹ̀ á yí síta. Bó bá ṣì ń dùn ọ́, orí ọmú nìkan ló gbá mú: ki ìka bọ igun ẹnu rẹ̀, yọ ọ́, tún un gbé. Ẹ má fi òróró àdúrà pa orí ọmú kí ọmọ tó mu, yíyọ̀ ló máa yọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọmú tó wú tó pọ́n, tí ibà sì wà: má dáwọ́ ọmú dúró, fi aṣọ tútù lé e, bí kò bá rọ̀ láàárín ọjọ́ kan, ilé ìwòsàn. Wàrà tí wọ́n fún síta ò gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ níta, kó má tó bẹ́ẹ̀ níbi tó gbóná. Ọjọ́ mẹ́rin nínú fìríìjì, bí iná bá dúró. Ife ni kẹ́ ẹ fi fún ọmọ. Ìyá tó ní HIV tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé lè fún ọmọ lọ́mú. Wòlíì kankan ò gbọdọ̀ ní kó dá oògùn náà dúró. Ẹ̀yin agbẹ̀bí ilé ìgbẹ̀bí ìjọ, kí ọmọ tó pé wákàtí kan láyé, ọmú ti gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, kẹ́ ẹ sì má fún omi ọmú àkọ́kọ́ tó pọ́n rúsúrúsú dànù.

Ẹni tí orí ọmú rẹ̀ bá ti là, kó dúró dè mí lẹ́yìn oore-ọ̀fẹ́. Kó gbé ọmọ náà dání, mo ní láti rí bó ṣe ń gbá a mú.