Ta Ni Kó Kọ́kọ́ Jí? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Bí Sáfà Ṣe Ń Lo Dísìkì Tó Wà Níbòmíràn

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí kíláyẹ́ǹtì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìyẹn sọ́fítíwíà tí kọ̀ǹpútà fi ń lo dísìkì tí kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kó le jù. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo rí i pé púpọ̀ nínú yín ló ń tọ́jú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn, níbi iṣẹ́, nítorí náà n kò ní bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí dísìkì jẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ bí a ṣe ń so kíláyẹ́ǹtì mọ́ ẹ̀rọ ìpamọ́, ìyẹn ẹ̀rọ tí dísìkì náà wà nínú rẹ̀. Àṣẹ méjì mẹ́ta ni, ó ti parí. Ibi tí wàhálà ń gbé ni ìgbà tó yẹ kó so mọ́ ọn, àti bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó sọ pé ó sú òun.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa níbí. Iná lọ lóru, íńfátà gbé e títí ó fi rẹ̀ ẹ́, gbogbo yàrá sáfà kú. Iná dé ní aago mẹ́rin ìdájí. Gbogbo ẹ̀rọ jí lẹ́ẹ̀kan náà. Sáfà tó ní SSD nínú kì í pẹ́ dìde. Ẹ̀rọ ìpamọ́ ní tirẹ̀ ní láti yí dísìkì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó yẹ̀ wọ́n wò, kó tó ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Suwíìṣì tó wà láàárín wọn náà ń fa ẹsẹ̀. Sáfà kànlẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dáhùn, ó bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Ní aago mẹ́jọ, àwọn òṣìṣẹ́ dé, wọ́n ní fáìlì àwọn ti sọnù. Fáìlì kankan kò sọnù. Ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ jí ni kò kọ́kọ́ jí.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ jù tí Linux fi ń lo dísìkì ọ̀nà jínjìn. Èkíní ni NFS, tí ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ní Amẹ́ríkà ṣe jáde ní 1984. Èkejì ni iSCSI, tí ìlànà rẹ̀ jáde ní 2004 gẹ́gẹ́ bí RFC 3720, tí RFC 7143 sì rọ́pò rẹ̀ ní 2014. NFS ń gba pọ́ọ̀tù (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) 2049, iSCSI ń gba 3260. Pẹ̀lú NFS, ẹ̀rọ ìpamọ́ ló ni fáìlì, òun ló ń tò wọ́n, kíláyẹ́ǹtì kàn ń béèrè ni: fún mi ní èyí, kọ ìyẹn sílẹ̀ fún mi. iSCSI ò rí bẹ́ẹ̀. Dísìkì òfìfo ló ń gbé fún yín láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ̀yin lẹ máa tò ó, ẹ̀yin lẹ máa fi ext4 tàbí XFS, ìyẹn ètò tó ń to fáìlì, sórí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ra ilẹ̀ rí, ẹ mọ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀. Wọ́n á ta pulọ́ọ̀tì kan fún ẹni méjì, oníkálukú á kó búlọ́ọ̀kù wá, oníkálukú á rò pé òun nìkan ló ni ibẹ̀. Bí ẹ bá gba sáfà méjì láàyè láti wọ dísìkì iSCSI kan náà, tí ext4 wà lórí rẹ̀, ohun tí ẹ ṣe gan-an nìyẹn. Sáfà kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀ nínú mẹ́mórì nípa ibi tó ṣófo lórí dísìkì náà, kò sì mọ ohun tí èkejì ń kọ. Èkíní á kọ fáìlì, èkejì á kọ tirẹ̀ lé e lórí. Kò sí ariwo, kò sí ìkìlọ̀, títí dísìkì á fi bàjẹ́. Bó bá pọn dandan kí sáfà méjì jọ lò ó, GFS2 tàbí OCFS2 ni kí ẹ lò, torí wọ́n ṣe àwọn yẹn fún àjọlò. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi NFS ṣe é, kí ẹ sì sùn.

Ó dáa. Báwo la ṣe ń tan kíláyẹ́ǹtì iSCSI lórí Linux? open-iscsi lorúkọ ètò náà. Ó ní apá kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń pè ní iscsid, àti àṣẹ tí ẹ ó máa fọwọ́ tẹ̀, iscsiadm. Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ ṣí fáìlì /etc/iscsi/initiatorname.iscsi. Orúkọ tí sáfà yín ń jẹ́ lójú ẹ̀rọ ìpamọ́ ló wà níbẹ̀, èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iqn. Orúkọ yìí kò gbọdọ̀ bá ti sáfà mìíràn mu. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ṣe ẹ̀dà sáfà orí sọ́fítíwíà (VM) kan sí mẹ́rin márùn-ún, ẹ fetí sílẹ̀: gbogbo wọn á máa jẹ́ orúkọ kan náà, ẹ̀rọ ìpamọ́ á sì máa rò pé ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni méjì ṣe ń dé orí pulọ́ọ̀tì kan. Àṣẹ iscsi-iname á bá yín ṣẹ̀dá orúkọ tuntun.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ẹ̀rọ ìpamọ́ pé kí ló ní:

iscsiadm -m discovery -t sendtargets -p 192.168.10.5

Ó á dárúkọ àwọn dísìkì tó lè fún yín. Kí ẹ wọlé:

iscsiadm -m node --login

Dísìkì tuntun á yọ, bóyá /dev/sdb. Ẹ má fi orúkọ yẹn kọ nǹkan kan síbì kankan, torí lọ́la ó lè jẹ́ /dev/sdc. UUID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí kì í yí padà, ni kí ẹ lò.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró síbí. Ó ń ṣiṣẹ́, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n lọ sílé. Ìgbà tí sáfà bá kú tó tún jí ni wọ́n máa mọ̀ pé kò tíì parí. Nínú /etc/iscsi/iscsid.conf, ìlà kan wà tó ń jẹ́ node.startup. Bó bá jẹ́ manual, sáfà kò ní wọlé fúnra rẹ̀ tó bá jí. Bí Debian àti Ubuntu, tí wọ́n jẹ́ oríṣi Linux, ṣe ń gbé e wá nìyẹn; Red Hat, oríṣi mìíràn, máa ń fi í sí automatic. Ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀ tó ti da ọ̀pọ̀ lóru. Ẹ yí ìlà náà padà sí automatic, ẹ tún sáfà tàn, síbẹ̀ kò wọlé. Ìdí ni pé ìgbà tí ẹ ṣe discovery ni ètò náà da àwọn ìlànà inú fáìlì yẹn kọ sínú àkọsílẹ̀ dísìkì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ti wà nílẹ̀ kì í wo fáìlì náà mọ́. Àkọsílẹ̀ náà fúnra rẹ̀ lẹ máa yí padà:

iscsiadm -m node -o update -n node.startup -v automatic

Ó kù sí ọwọ́ fstab, fáìlì tó ń sọ dísìkì tí sáfà máa so mọ́ra nígbà tó bá jí. Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fọkàn bá mi lọ. Nígbà tí systemd, ètò tó ń tan gbogbo iṣẹ́ lórí Linux, bá rí i pé ìlà kan nínú fstab jẹ́ nfs, ó mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà. Ṣùgbọ́n ìlà iSCSI yín, ext4 tàbí xfs ló kọ síbẹ̀. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé dísìkì náà kò sí nínú ilé? Kò mọ̀. Ó á kà á mọ́ dísìkì inú, ó á máa wá a kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dìde, ó á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 90, kò ní rí i, ó á sì gbé gbogbo sáfà lọ sí ipò pàjáwìrì, níbi tí ẹ kò ti lè fi SSH wọ ọ́ láti ọ̀nà jínjìn. Ẹ ó gun ọ̀kadà lọ síbi tó wà. Ọ̀rọ̀ kan ló ń dènà èyí: _netdev. Ẹ kọ ọ́ mọ́ àwọn àṣàyàn ìlà náà, systemd á mọ̀ pé ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, á fi sí ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà títàn, á sì yọ ọ́ ṣáájú rẹ̀ nígbà pípa. Ìgbà pípa yìí ṣe pàtàkì o. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kọ́kọ́ lọ, sáfà á dúró gbọnin níbi tó ti fẹ́ kọ ohun tó kù sórí dísìkì tí kò lè dé mọ́.

Ẹ tún ṣọ́ra fún network.target, ọ̀kan nínú àwọn àmì ìgbésẹ̀ tí systemd ń lò. Kò túmọ̀ sí pé àdírẹ́ẹ̀sì ti dé ọwọ́ sáfà. network-online.target ni ètò tó bá nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní tòótọ́ gbọ́dọ̀ dúró dè.

Ní báyìí, ohun tó burú ju kí sáfà má jí lọ ni kó jí bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe. Ẹ jẹ́ ká sọ pé fódà /bakọọpu lẹ so dísìkì ọ̀nà jínjìn mọ́. Iná lọ, iná dé, dísìkì kò tètè dé. Fódà /bakọọpu ṣì wà níbẹ̀, ó kàn ṣófo ni. Ní aago méjì òru, sikírípítì tó ń da détábéèsì kọ jí, ó rí fódà, ó kọ gígábáìtì rẹpẹtẹ sínú rẹ̀. Dísìkì kékeré tó wà nínú sáfà fúnra rẹ̀ ló ń kọ sí. Ọjọ́ kejì bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kẹta bẹ́ẹ̀, títí ó fi kún dẹ́nu, détábéèsì dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan wá sáré so dísìkì ọ̀nà jínjìn padà. Kíá, gbogbo ẹ̀dà ọjọ́ mẹ́ta yẹn pòórá lójú, nítorí dísìkì tó dé ti bo fódà mọ́lẹ̀. Àṣẹ df, tó ń wo bí dísìkì ṣe kún tó, sọ pé dísìkì inú sáfà kún; àṣẹ du, tó ń ka ìwọ̀n fáìlì, kò rí nǹkan kan. Mo ti rí àgbà níbi iṣẹ́ yìí tó fọwọ́ lérán lórí èyí.

Oògùn rẹ̀ rọrùn. Nígbà tí fódà ṣì ṣófo, tí ẹ kò tíì so nǹkan kan mọ́ ọn, ẹ tẹ chattr +i /bakọọpu. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò lè kọ nǹkan sínú fódà òfìfo yẹn, root, ọ̀gá orí sáfà, pàápàá kò lè kọ ọ́, ṣùgbọ́n dísìkì ọ̀nà jínjìn á ṣì so mọ́ ọn láìsí wàhálà. Ẹ jẹ́ kí sikírípítì yín náà kọ́kọ́ fi mountpoint -q béèrè bóyá dísìkì ti so mọ́ fódà kó tó ṣe ohunkóhun. Bó bá sì jẹ́ systemd ló ń tan détábéèsì yín, ẹ fi RequiresMountsFor sínú fáìlì rẹ̀, kò ní jí kí dísìkì tó dé.

Ti àìsùúrù kíláyẹ́ǹtì ńkọ́? NFS ní hard àti soft. Hard ni wọ́n ń bá a wá: bí ẹ̀rọ ìpamọ́ bá dákẹ́, kíláyẹ́ǹtì á máa dúró láì ní òpin, ẹ ó rí "not responding, still trying" nínú àkọsílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kì í fẹ́ràn èyí, wọ́n á sáré yí i sí soft kó lè tètè dá wọn lóhùn. Lójú tèmi, ẹ má ṣe é níbi tí wọ́n bá ti ń kọ nǹkan. Soft á dá àṣìṣe padà, ọ̀pọ̀ ètò kì í sì wo àṣìṣe yẹn, fáìlì á wá wà ní àbọ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. iSCSI ní tirẹ̀ ní replacement_timeout, tó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 120 láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àṣìṣe dé ọ̀dọ̀ ext4, ext4 á sì sábà kọ̀ láti jẹ́ kẹ́nikẹ́ni kọ nǹkan síbẹ̀ mọ́. Bí suwíìṣì yín bá máa ń lo ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó jí, ẹ ti mọ̀ pé 120 kò tó.

Windows, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. MSiSCSI lorúkọ iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ tirẹ̀, manual ni wọ́n fi í sí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá ṣí iSCSI Initiator, ó á bi yín bóyá kó máa tan fúnra rẹ̀. Ẹ dáhùn bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ bá sì pín fódà orí dísìkì iSCSI fún àwọn ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí LanmanServer, iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ tó ń pín fódà, gbára lé MSiSCSI, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fódà tí ẹ pín lè má yọ lẹ́yìn tí ẹ bá tún un tàn. Ọ̀rọ̀ ta ló kọ́kọ́ jí náà ni.

Àwọn ìbéèrè wá. Arábìnrin kan ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀gbọ́n mi wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣé ó lè so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìpamọ́ wa ní Èkó pẹ̀lú iSCSI?" Ó ṣeé ṣe, àmọ́ kó má ṣe é. Àlọ-àbọ̀ ìsọfúnni láàárín ìlú méjèèjì ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Bí fáìlì kékeré ẹgbẹ̀rún kan bá ní láti dúró de ara wọn, ìṣẹ́jú àáyá 100 ti lọ. Àti pé okùn abẹ́ òkun lè já. Ní oṣù Kẹta 2024, nígbà tí àwọn okùn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 já nítòsí Abidjan, kíláyẹ́ǹtì tó bá ń dúró lọ́jọ́ náà dúró pẹ́. Bákan náà, iSCSI kì í fi ohun tó ń gbé pamọ́ kúrò lójú ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà. CHAP kàn ń béèrè orúkọ àti pásíwọ̀ọ̀dù lẹ́nu ọ̀nà ni. Kí ẹ̀gbọ́n yín lo rsync lórí SSH, á máa gbé kìkì ohun tó yí padà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ́yìn béèrè ohun tó yẹ kí òun ṣe nígbà tí ètò kan bá há sórí NFS tó ti kú, tí àṣẹ kill -9, tó yẹ kó pa ètò, kò ràn án. Bí ps, àṣẹ tó ń to àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́, bá fi lẹ́tà D hàn níwájú rẹ̀, ó ń dúró de dísìkì ni, kì í sábà gbọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú láti jí ẹ̀rọ ìpamọ́ padà, torí bó bá dé, gbogbo rẹ̀ á máa lọ láti ibi tó dúró sí. Bí kò bá ní dé mọ́, ẹ fi umount -f yọ ọ́ tipátipá. Bí ìyẹn náà bá kọ̀, umount -l á yọ ọ́ kúrò lójú, ṣùgbọ́n ètò tó há á ṣì wà níbẹ̀ títí ẹ ó fi tún sáfà tàn. Ẹ má sì gbàgbé láti yọ ìlà rẹ̀ kúrò nínú fstab kí ẹ tó tún un tàn.