Ọpọlọ Kì í Dúró De Òpin Gbólóhùn

Ẹ̀yin olùwòran wa, ẹ kú ìjókòó. Ẹ gbọ́ ìdajì gbólóhùn yìí ná: "Àwọn ọmọ náà ba aṣọ ìyá wọn..." N kò tíì parí rẹ̀ tí ọpọlọ yín ti ń retí "jẹ́". Ọ̀rọ̀-ìṣe náà, "bàjẹ́", ti là sí méjì, àbọ̀ rẹ̀, ìyẹn "aṣọ ìyá wọn", ti bọ́ sáàárín rẹ̀, síbẹ̀ ọpọlọ di "ba" mú títí tí èkejì rẹ̀ yóò fi dé. Iṣẹ́ gírámà nìyẹn, ọpọlọ sì ń ṣe é láìjẹ́ pé a rán an.

Báwo ni a ṣe lè rí iṣẹ́ tí ó yá tó bẹ́ẹ̀? Àwọn onímọ̀ máa ń lẹ àwọn irin pẹlẹbẹ kéékèèké mọ́ orí ẹni tí ó ń ka gbólóhùn, kí wọ́n lè wọn iná mànàmáná tí ọpọlọ ń mú jáde. Ní ọdún 1980, Marta Kutas àti Steven Hillyard ní Amẹ́ríkà lo gbólóhùn kan nípa ẹni tí ó ń fi nǹkan pa búrẹ́dì gbígbóná lára. Níbi tí òǹkàwé ti ń retí bọ́tà, ìbọ̀sẹ̀ ni ó bá. Gírámà rẹ̀ pé, ìtumọ̀ ni kò bára mu. Ní nǹkan bíi mìlísẹ́kọ́ńdì 400 lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ náà yọ, tí kò tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbì iná náà yí sí ìhà òdì.

Nígbà tí ó di ọdún 1992, Lee Osterhout àti Phillip Holcomb ba gírámà fúnra rẹ̀ jẹ́: ọ̀rọ̀ mìíràn já wọlé níbi tí ó yẹ kí àbọ̀ wà. Ìgbì tí ó jáde yàtọ̀ pátápátá. Ìhà kejì ni ó yí sí, ó sì tó bíi mìlísẹ́kọ́ńdì 600 lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà kí ó tó yọ.

Ẹ̀rí tí ó wọ̀ mí lára jù wá láti ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn. Ní Paris, ní ọdún 1861, oníṣègùn Paul Broca rí ọgbẹ́ ní iwájú apá òsì ọpọlọ ọkùnrin kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè sọ ju ìró "tan" lọ. Ó pẹ́ tí a fi gbà pé ọ̀rọ̀ sísọ nìkan ni irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń pa lára, àfi ìgbà tí Alfonso Caramazza àti Edgar Zurif, ní ọdún 1976, ní kí àwọn tí ó ní irú àìsàn yìí nawọ́ sí àwòrán tí ó bá gbólóhùn mu. Gbólóhùn bíi "Ọsàn tí ọmọ náà ń jẹ pọ́n" kò dà wọ́n láàmú, nítorí pé ọsàn kì í jẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ "Ọmọkùnrin tí ọmọbìnrin náà ń lé ga", wọ́n mọ ọmọkùnrin, wọ́n mọ ọmọbìnrin, wọ́n mọ ohun tí "lé" jẹ́. Ẹni tí ó ń lé ẹnì kejì ni wọ́n kàn ń fojú bù.