Ọwọ́ Aláìsàn Kò Dé Abẹ́ Òkìtì

Assalaamu alaykum warahmatullaahi wabarakaatuhu. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsúbáà tán ni, ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà wá jókòó tì mí, kò lè gbójú sókè. Ó ní lóru yẹn, wọ́n ní kí òun lọ ka bí iṣan ọrùn-ọwọ́ bàbá kan ṣe ń lù ní wọ́ọ̀dù. Ó ti rẹ òun, bàbá náà sì ń sùn. Ó bá kọ 76 sínú ìwé, kò fọwọ́ kàn án rárá. "Aáfà, gbogbo wa la máa ń ṣe é." Gbólóhùn yẹn dùn mí ju ohun tó ṣe lọ.

Ìrẹ́jẹ yìí kò ṣáà bẹ̀rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Inú gbọ̀ngàn ìdánwò ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń jíwèé wò, tí ẹni tó kọ́kọ́ jáde ń sọ ìbéèrè fún àwọn tó kù.

Abu Hurayra ló gba hádíìsì yìí wá, ó wà nínú Sahih Muslim. Ànábì ń kọjá lọ, ó rí òkìtì oúnjẹ kan tí wọ́n ń tà. Ó ki ọwọ́ rẹ̀ alápọ̀nlé bọ inú rẹ̀, ìka rẹ̀ bá ọ̀rinrin. "Kí lèyí, ìwọ olóúnjẹ?" "Òjò ló pa á, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun." "Èé ṣe tí o ò gbé e sókè kí àwọn èèyàn lè rí i? Ẹni tó bá rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara mi."

Ọkùnrin yẹn kọ́ ló rọ òjò. Bíbò tó bò ó mọ́lẹ̀ lẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ìwọ náà, pé o ò mọ nǹkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀; ìwé ìṣègùn pọ̀ bí eṣú. Ṣùgbọ́n máàkì tó o jí yẹn, ohun gbígbẹ tó o dà bo tútù ni. Ẹni tó ń ra ọkà lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ wò. Aláìsàn tí wọ́n ti fún lóògùn oorun, ọwọ́ wo ni yóò fi yẹ orí rẹ wò?

Ànábì tún sọ pé ẹni tó bá ń ṣe ìṣègùn láìjẹ́ ẹni tí a mọ̀ mọ́ ọn, ọrùn rẹ̀ ni ohun tó bá bàjẹ́ wà. Abu Dawud gbà á wá. Má wulẹ̀ sọ fún mi pé o máa tuuba. Ẹni tó jí owó á dá owó padà. Ẹ̀mí ńkọ́, báwo lo ṣe fẹ́ dá a padà?

Mo mọ ohun tó ń tì wọ́n. Ìdánwò kan ṣoṣo ló ń gbé odidi ọdún. Ẹ̀yin òbí ti ń pè é ní dókítà kó tó wọlé ẹ̀kọ́, ojú wá ń tì í láti fìdí rẹmi. Ẹ̀yin olùkọ́ ń gbé ìbéèrè èṣí jáde lọ́dọọdún, ẹ sì ń fi ọmọ tó bá ní "mi ò mọ̀" ṣe ẹlẹ́yà níwájú aláìsàn. Ta ni yóò tún sọ ọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ìdánwò sí wẹ́wẹ́, ẹ ya àwọn tó ti ṣèdánwò tán sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó kù, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ "mi ò mọ̀" lẹ́nu ẹ̀yin náà.

Mo jágbe mọ́ ọmọ yẹn, ó sunkún, ó ku díẹ̀ kí èmi náà sunkún. Mo ní kó lọ jẹ́wọ́ kó tó fẹnu kan oúnjẹ. Ọ̀sán ló pè mí. Ó ní dókítà àgbà bú òun gidigidi, wọ́n wá ní kó padà síbi bẹ́ẹ̀dì. Ó di ọrùn-ọwọ́ bàbá náà mú, ó tẹjú mọ́ aago fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ó ka 118.