Ẹnu Amẹ́ríkà Ni Wọ́n Fi Ń Mú Amẹ́ríkà: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Fíìmù Dọkumẹ́ńtárì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Àwọn dọkumẹ́ńtárì, ìyẹn fíìmù ìṣẹ̀lẹ̀ gidi, tó ta Amẹ́ríkà létí jù lọ kì í ṣe àwọn tó ń bú u. Ọ̀rọ̀ tí Amẹ́ríkà fẹnu ara rẹ̀ sọ, àjọ̀dún tó ń ṣe, òfin tó fọwọ́ sí, ni wọ́n máa ń mú, wọ́n á wá gbé ìyà tó ń jẹ ọmọ ìlú kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń wò ó kò ní ríbi sá sí, torí ẹlẹ́rìí tí wọ́n pè kò ṣeé pè lọ́tàá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1960. Ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS gbé “Harvest of Shame” jáde. Edward R. Murrow ló ṣe atọ́kùn rẹ̀, akọ̀ròyìn tí wọ́n ti mọ ohùn rẹ̀ nílé lóko láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ọ̀rọ̀ àwọn alágbàṣe tó ń ṣí láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn, tí wọ́n ń bá olóko kórè èso àti ẹ̀fọ́, ló dá lé. Ọjọ́ kejì Ọjọ́ Ìdúpẹ́ ni wọ́n sì fi hàn. Ọjọ́ Ìdúpẹ́ yìí ni ìdílé máa ń yí tábìlì ká, tí wọ́n á jẹ tòlótòló àti onírúurú irè oko, tí wọ́n á máa dúpẹ́ pé oúnjẹ pọ̀. Oúnjẹ ọ̀hún kò tíì dà nínú wọn tí Murrow fi bọ́ síwájú wọn, tó ní àwọn tó bá yín kórè rẹ̀ rèé.

Ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà kan àwa gan-an. Èrò pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba alágbàṣe, àwọn tó ń kó òṣìṣẹ́ ń kígbe iye tí wọ́n máa san, àwọn èèyàn sì ń gun ọkọ̀ akẹ́rù. Murrow wá ní Kóńgò kọ́ nìyí, kò kan Johannesburg tàbí Cape Town, kì í ṣe Nyasaland (tí à ń pè ní Màláwì báyìí), kì í ṣe Nàìjíríà. Ó ní Florida ni, ọmọ Amẹ́ríkà sì ni wọ́n.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà ni Nàìjíríà gba òmìnira. Kò tíì pé oṣù méjì! Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ gbólóhùn yẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo iṣẹ́ tó ń ṣe. Murrow mọ̀ pé àwọn tó ń wo òun ti gbà lọ́kàn ara wọn pé ilẹ̀ Áfíríkà ni irú ìyà bẹ́ẹ̀ ń gbé. Kò bá wọn jiyàn lórí ìyẹn rárá. Ohun tí wọ́n ti gbà gbọ́ yẹn ló lò láti fi dójú tì wọ́n. Ó yí wọn lọ́kàn padà nípa aládùúgbò wọn, ó sì fi tiwa sílẹ̀ bó ṣe bá a. Ẹ̀yìn wa ló gùn kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Mi ò ní torí ìyẹn sọ pé iṣẹ́ náà kò dára. Wọ́n bá obìnrin kan lóko. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló ti débẹ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló ṣíwọ́. Wọ́n bi í pé èló ló rí lóòjọ́. Ó ní dọ́là kan. Kò sí àlàyé tí akọ̀ròyìn lè ṣe tó máa ju ìdáhùn yẹn lọ.

Nígbà tó di 1961, ìjọba Kennedy fi Murrow ṣe olórí àjọ tó ń polówó Amẹ́ríkà fún gbogbo ayé. BBC fẹ́ fi fíìmù yìí hàn ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Murrow fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi í hàn. Wọn ò gbà fún un, wọ́n fi í hàn.

Ọdún 1989 ni Michael Moore, tó ń ṣe fíìmù, gbé “Roger & Me” jáde. Iléeṣẹ́ General Motors tó ń ṣe mọ́tò ti ń ti ilé iṣẹ́ wọn pa ní Flint ní ìpínlẹ̀ Michigan, ìlú tí wọ́n bí Moore sí, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti di aláìníṣẹ́. Ẹ wo ohun tó ṣe sí òpin fíìmù náà. Àsìkò Kérésìmesì ni: Roger Smith, alága iléeṣẹ́ náà, ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti inú rere ọdún fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò dákẹ́, ṣùgbọ́n àwòrán ti yí padà. Ọmọ iṣẹ́ ṣẹ́ríìfù ń kó ẹrù ìdílé kan síta nítorí owó ilé, títí kan igi Kérésì wọn. A padà sọ́dọ̀ alága, a tún padà síta. Moore kò ní láti sọ ohunkóhun.

Ibẹ̀ náà ni ẹ̀sùn wà. Àwọn alárìíwísí fíìmù tọ́ka sí i pé kò to ìṣẹ̀lẹ̀ bí wọ́n ṣe wáyé. Ọdún 1980 ni Reagan lọ sí Flint, nígbà tó ṣì ń dupò ààrẹ. 1984 ni ọgbà ìgbafẹ́ AutoWorld ṣí. Ṣùgbọ́n bí fíìmù ṣe tò wọ́n, ẹni tó ń wò ó máa rò pé lẹ́yìn ìkéde General Motors ní ọdún 1986 pé wọ́n máa ti ilé iṣẹ́ púpọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ìyà Flint kì í ṣe irọ́, ojú ló rí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé àṣìṣe ńlá ni: ẹni tí òtítọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò yẹ kó fún ọlọ́rọ̀ ní ohun tí yóò fi já a níkoro. Àwọn tó fẹ́ gbèjà iléeṣẹ́ náà kò tún dárúkọ àwọn tí wọ́n lé jáde nílé mọ́, ọdún nìkan ni wọ́n ń kà.

Àwọn kan máa ní fíìmù tí kò ní atọ́kùn kì í yíni lọ́kàn padà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú “Titicut Follies” tí Frederick Wiseman ṣe ní 1967, ní ilé ìtọ́jú àwọn wèrè ọ̀daràn ní Bridgewater, kò sí ohùn aṣàlàyé kankan. Wọ́n ń fi rọ́bà ti imú rọ oúnjẹ sí ọkùnrin kan lára tipátipá. Àwòrán á yí padà lójijì, a ó rí òkú ọkùnrin yẹn kan náà tí wọ́n ń fá irùngbọ̀n rẹ̀ fún ìsìnkú. Ìgé fíìmù náà ló sọ̀rọ̀. Ilé ẹjọ́ ní Massachusetts sì fòfin de fífi í han ará ìlú títí di 1991.

Ava DuVernay, olùdarí fíìmù, ló wá mú èyí tó le jù, ìyẹn òfin orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀. Àtúnṣe kẹtàlá sí ìwé òfin Amẹ́ríkà, ti 1865, fòpin sí oko ẹrú, àfi bí ó bá jẹ́ ìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n dáni lẹ́bi rẹ̀. Orí “àfi bí” yẹn ni fíìmù “13th” dúró sí ní 2016. Ó gbé ohùn Donald Trump, tó ń dupò nígbà náà, tó ń sọ pé láyé àtijọ́ ó dára, lé àwòrán ọkùnrin dúdú kan tó wọ kóòtù, tó dé fìlà, tí àwọn èrò funfun ń tì kiri. Mo gbà pé ìgbà yẹn ni fíìmù náà lágbára jù. Ibi tó ti rẹ̀ díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n aládàáni: ó lo àkókò púpọ̀ lórí àwọn iléeṣẹ́ tó ń jèrè, bẹ́ẹ̀ àwọn tí iléeṣẹ́ wọ̀nyí ń tì mọ́lé kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹlẹ́wọ̀n. Ìjọba ló ń ti ìyókù mọ́lé, pẹ̀lú ìbò ará ìlú. Òtítọ́ yẹn korò ju ti oníṣòwò lọ, ó yẹ kí fíìmù náà pẹ́ lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ “àfi bí” yẹn ṣì wà nínú òfin Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ wa tó wà ní Houston àti Maryland sì ń gbé lábẹ́ rẹ̀. Colorado ti yọ irú rẹ̀ kúrò nínú òfin ìpínlẹ̀ tirẹ̀ ní 2018, Nebraska àti Utah ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2020. Ní 2024, wọ́n gbé yíyọ irú rẹ̀ kúrò síwájú àwọn olùdìbò California, ìpínlẹ̀ tí Hollywood wà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní àwọn kò gbà.