Wáàsí Jímọ̀: Aṣọ irọ́ méjì

Àsàlámù àlékùm wàráhámátúláì wàbárákátù.

Ẹ̀yin ará mi nínú Ìsìláàmù, ẹ kú Jímọ̀. Lẹ́yìn ìyìn fún Ọlọ́hun àti ìkẹ́ fún Ànábì wa Muhammadu, ẹ jẹ́ n bi yín: ta ló ti jókòó síbi yìgì l'Óṣogbo yìí rí tí wọn ò bi í léèrè ilé-ìwé tó lọ? Wọ́n á ti so yìgì tán, àlùfáà á ti ṣàdúà, ìrẹsì á ti dé iwájú kálukú lábẹ́ kánópì. Bàbá kan tó ti lé láàádọ́ta ọdún á wá kọjú sí ẹni tó jókòó tì í: "Ẹ̀yin ńkọ́ sà, yunifásítì wo lẹ lọ?" Bó bá jẹ́ Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn lonítọ̀hún pè, ojú bàbá á là, wọn á jọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ ilé tí wọ́n gbé nígbà yẹn. Bó bá ní pólì lòun lọ, bàbá á ní "Ó dáa, ó dáa," á sì rọra yí àga rẹ̀ díẹ̀ sápá kejì.

Àga tí wọ́n yí yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.

Nígbà tí Lùkùmọ́ọ̀nù ń gba ọmọ rẹ̀ nímọ̀ràn, ó ní kó má ṣe gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sápá kan fún àwọn èèyàn, kó má sì máa fi ìgbéraga rìn lórí ilẹ̀ (Súrà 31, aaya 18). Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni Kùránì dárúkọ; àwa ti fi àga kún un. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sì sọ pé ẹni tí ìgbéraga bíńtín bá wà lọ́kàn rẹ̀ kò ní wọ alùjánńà. Ẹnì kan ní, "Èèyàn a máa fẹ́ kí aṣọ òun dára, kí bàtà òun dára." Ànábì fèsì pé ẹlẹ́wà ni Ọlọ́hun, Ó sì fẹ́ràn ẹwà, ìgbéraga ni kéèyàn kọ òtítọ́, kó sì máa fojú tín-ín-rín ọmọ aráyé. Nítorí náà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kó o fẹ́ràn ilé-ìwé rẹ. Ẹ ṣe ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde yín, ẹ rán aṣọ ẹgbẹ́, ẹ bá wọn tún ilé ìkàwé ibẹ̀ ṣe. Ibi tó o bá ti fi orúkọ ibẹ̀ wọn èèyàn wò ni wàhálà ti dé.

Èmi ò sì gbà pé gbogbo bàbá tó ń yí àga ló gbà lọ́kàn rẹ̀ pé òun ga. Ọ̀pọ̀ wọn, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ẹ wo ọkùnrin tó ti pé ọdún méjìléláàádọ́ta. Ẹni tó bá a lẹ́nu iṣẹ́ ti di ọ̀gá rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ tó ń tajà ní Ìgbọ̀nnà ti kọ́lé kejì. Ìfẹ̀yìntì ń bọ̀, ilé tirẹ̀ ò tí ì kúrò ní ìpìlẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ohun kan ṣoṣo tẹ́nikẹ́ni ò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni orúkọ yunifásítì tó lọ lọ́gbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ó wá dì í mú gírígírí. Àánú irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń ṣe mí, àmọ́ àánú ò sọ ìgbéraga di ọ̀rọ̀ míì.

Ta ló tilẹ̀ pín ilé-ìwé fún wa? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé láàádọ́ta ọdún mọ̀ pé nígbà tẹ́ ẹ ń jáde girama, kò sí yunifásítì kankan nínú Òṣogbo. Yunifásítì ìpínlẹ̀ tó wà ní Òkè Báálẹ̀, ọdún 2006 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Yunifásítì Fountain tí ẹgbẹ́ Mùsùlùmí NASFAT dá sílẹ̀ tẹ̀ lé e lọ́dún 2007. Ifẹ̀, Ìbàdàn, Ìlọrin lẹ máa lọ, bí JAMB bá gbà, bí owó bá wà. Ọdún 1986 ni SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé, iye òwò tó dẹnu kọlẹ̀ lára rẹ̀ ò kéré. Bàbá ẹnì kan ṣì rówó rán an lọ. Bàbá ẹlòmíì tó gbọ́n jù ú lọ ní kíláàsì kú lọ́dún tí wọ́n ṣèdánwò àṣekágbá, ló bá kọ́ṣẹ́ ẹlẹ́kítíríìkì. Èwo lo ṣe níbẹ̀? Súrà 16, aaya 78, sọ pé Ọlọ́hun mú yín jáde látinú ìyá yín, ẹ ò mọ nǹkan kan. Ọba tó kó gbogbo wa jáde láìmọ nǹkan ló fún wa ní etí, ojú àti ọkàn.

Àwọn tó gba ìwé ẹ̀rí HND ní pólì ní tiwọn ti jìyà yìí lọ́nà ìjọba. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Lẹ́fẹ́ẹ̀lì 14 ni wọ́n ń dá wọn dúró sí lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Èyí tí ìjọba ṣe ti tó o. Ẹ má bá wọn gbé e dé ibi yìgì, dé ibi ìkómọ, dé inú mọ́ṣáláṣí.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, àwa àlùfáà náà ńkọ́? Ẹni tó lọ kàwé ní Mẹ̀dínà ń wo ẹni tó lọ Àsíárì ní Íjíbítì, ẹni tó lọ Àsíárì ń wo ọmọ Máàkásì Àgége, gbogbo wọn wá ń wo àlùfáà tó kọ́ kéú lórí wàláà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun bí ẹni tó ṣì wọ̀lú. Ànábì Mùsá dìde lọ́jọ́ kan, ó ń ṣe wáàsí fáwọn ọmọ Ísírẹ́lì. Wọ́n bi í pé ta ló mọ̀ jù lọ. Ó ní, "Èmi ni." Ọlọ́hun bá a wí, nítorí kò dá ìmọ̀ náà padà sọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ni wọ́n bá rán an lọ síbi tí òkun méjì ti pàdé, lọ bá ẹrú Ọlọ́hun kan. Mùsá rìn títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó débẹ̀, kò bi ọkùnrin náà léèrè ibi tó ti kàwé. Ohun tó wí ni pé: ṣé mo lè tẹ̀ lé ọ, kó o kọ́ mi nínú ìmọ̀nà tí wọ́n fi kọ́ ọ (18:66)? Wòlíì tí Ọlọ́hun bá sọ̀rọ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o!

Ọ̀rọ̀ ò wá parí sọ́dọ̀ àwọn tó lọ. Ẹni tí kò lọ náà lẹ́bi tiẹ̀. Ìtìjú á mú un, á bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́: "Nígbà tí mo wà n'Ífẹ̀..." Ifẹ̀ tí kò wọ̀ rí àfìgbà tó lọ ṣe ìnáwó. Èyí tó wá burú jù báyìí ni oyè Dókítà tí wọ́n ń fowó rà. Wọ́n á sanwó fún ẹgbẹ́ kan tẹ́nì kan ò mọ orírun rẹ̀, wọ́n á háyà gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á wọ gáùnù pupa, wọ́n á ya fọ́tò. Lọ́jọ́ kejì, bó o bá pè wọ́n ní Alhájì lásán, o ti rí ìjà.

Obìnrin kan ló wá bá Ànábì nígbà ayé rẹ̀. Ó ní òun ní orogún, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni bóun bá ń ṣe bí ẹni pé ọkọ òun fún òun ní ohun tí kò fún òun? Ànábì ní ẹni tó ń ṣe bí ẹni tó yó lórí ohun tí wọn ò fún un dà bí ẹni tó wọ aṣọ irọ́ méjì. Ìmáàmù Bùhárì àti Ìmáàmù Múṣílíìmù ló gba hádíìsì yẹn wá. Gáùnù ò tí ì dé láyé ìgbà náà, síbẹ̀ ẹ wo bó ṣe bá a mu. Ẹ tún wo ohun tó bí ìbéèrè obìnrin náà: orogún. Ká ní ó dá wà lọ́dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, kò ní nílò irọ́ kankan.

Ọmọ ló sì ń jìyà rẹ̀ jù nílé. Ọmọ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà; bàbá ní Mẹ́dísìn ni, yunifásítì kan pàtó ni, JAMB lọ́dọọdún títí irùngbọ̀n fi hù, nítorí ohun tí bàbá fúnra rẹ̀ ò rí gbà. Ẹ̀yin bàbá, bí ìwé bá ṣì wù yín, ẹ lọ kà á fúnra yín. Bùhárì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àgbà làwọn sàhábé Ànábì tí wọ́n fi kẹ́kọ̀ọ́. Kọ́kọ́rọ́ ni Al-Qaffal, àlùfáà àtijọ́ kan ará Marwu, ń rọ, ó ti tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún kó tó jókòó ti ìwé, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn ìmáàmù ńlá nínú mádíhábì Ṣáfíì. NOUN, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ téèyàn lè jókòó sílé kà, wà nílẹ̀, wọn ò bi àgbàlagbà ní ìdánwò JAMB.

Bí ẹ bá wá ní mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lọ́la, tí ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ yín jókòó síwájú yín, ẹ bi í nípa ìrun rẹ̀. Ẹ bi í pé ta ló jẹ lówó, báwo ló ṣe ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, irú iṣẹ́ wo ló fi ń jẹun. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ bi í nípa ilé-ìwé, ó kù sọ́wọ́ yín, àmọ́ ẹ fi í sẹ́yìn gbogbo ìyẹn.

Àdúà tí Ànábì máa ń ṣe la ó fi wá ààbò lónìí: Ọlọ́hun, a sá di Ọ́ kúrò lọ́wọ́ ìmọ̀ tí kì í ṣàǹfààní, àti ọkàn tí kì í bẹ̀rù Rẹ, àti ẹ̀mí tí kì í yó, àti àdúà tí kì í gbà. Àmín.